Ọkọ̀ Àṣàbí

Agogo mẹ́jọ ààbọ̀ alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun,
mo ti ti géètì ilé ìwé yìí ní Kúbúwà,
mo ti bu omi fún ajá,
mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì tó ń mì,
rédíò lápá òsì, fóònù lápá ọ̀tún.
Àṣàbí Onítírélà fẹ́ gbéra.

Inú eré ló wà, kò sí láyé.
Àlùbọ́sà ló ń kó láti Sókótó bọ̀ wá sísàlẹ̀.
Síbẹ̀, bó bá tẹ bíréèkì, àyà wa á já:
èmi níbí,
Wúràọlá nọ́ọ̀sì ní Zàríà,
Jímọ̀ tó ń ta táyà ní Mínnà,
Asabẹ́ ní Jọ́ọ̀sì, ọmọ Háúsá tó gbọ́ Yorùbá ju ọmọ mi lọ,
àti àwọn ogójì mìíràn tí n kò fojú rí rí.
Ẹgbẹ́ Èrò Ọkọ̀ là ń pe ara wa.

N kò kàwé púpọ̀. Ìwé kẹrin ni mo wà tí bàbá mi fi kú.
Oṣù mẹ́ta ni mo fi ń ka tiwọn láìkọ nǹkan kan,
bí àlejò tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà.
Lálẹ́ ọjọ́ kan ọkàn mi kún, mo tẹ̀ ẹ́:
“Ọkọ Àṣàbí ti bàjẹ́ ní Mọ́kwà. Ẹ gbàdúrà.”

Fóònù gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú.
“Ìgbà wo ló lọ́kọ?”
“A ò mà jẹ ìrẹsì ìyàwó o!”
“Ọ̀rẹ́ ló bà á jẹ́.”
Jímọ̀ ní, “Ẹ gbé e wá sí Mínnà,
n ó bá a pààrọ̀ táyà ẹ̀yìn.”
Mo rẹ́rìn-ín títí ajá fi dìde wò mí,
ṣùgbọ́n etí mi gbóná.
Mo fẹ́ yọ ara mi kúrò láàárín wọn,
ìka mi ti wà lórí ibẹ̀.

Ni Wúràọlá bá kọ̀wé sí mi ní kọ̀rọ̀:
“Bọ̀dá Mẹ́gàdì, ẹ ṣeun.
Aláìsàn kan ń bẹ níbí tí kò yanu láti Sátidé.
Mo kà á fún un. Ó rẹ́rìn-ín.”
Ó wá tò wọ́n sísàlẹ̀:
ọkọ, ẹni tó gbé ìyàwó, kò dé fìlà.
ọkọ̀, àmì rẹ̀ ń sọ̀kalẹ̀, bí èrò tó dé gáréèjì.
ọkọ́, àmì rẹ̀ ń gòkè, bí ìgbà tí bàbá yín bá gbé e sókè
kó tó sọ ọ́ sínú ebè.

Kò mọ bàbá mi.
Mo rí i lálẹ́ ọjọ́ náà, ọkọ́ lọ́wọ́.

Láti ìgbà náà, ọ̀rọ̀ kan lálaalẹ́.
Mo ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sára ògiri,
mo ń nù ún kí àwọn ọmọ ilé ìwé tó dé.
Jímọ̀ ní tirẹ̀, sìgá ló ń bá jà:
ọjọ́ tí kò bá mu ún, a ó fi àwòrán àlùbọ́sà kan ránṣẹ́ sí i.
Ó gba mọ́kàndínlógún, ó ṣubú lọ́jọ́ ogún.
Ẹnìkan ò bú u. A tún bẹ̀rẹ̀ láti oókan.

Ìṣẹ́gun tó kọjá, lórí afárá Jẹ́bbà,
bíréèkì kọ̀, Àṣàbí pariwo,
bátìrì rédíò mi kú.
Mo tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú ọwọ́ tó ń gbọ̀n:
“Ẹ jọ̀ọ́, ọkọ̀ Àṣàbí ńkọ́?”
Asabẹ́ ní ó yè é.
Ẹlòmíràn ní irọ́ ni, odò ló wọ̀.
Wúràọlá kò sọ ti odò, kò sọ ti afárá.
Ó ní, “Ẹ̀yin èrò, ẹ wo àmì orí ọkọ̀ yẹn.”

Gbogbo ariwo dáwọ́ dúró.
Ni àlùbọ́sà bá bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé,
ọ̀kan, méje, ogún,
tí n kò lè kà wọ́n mọ́.
N kò tíì mọ̀ bóyá bíréèkì mú.
Ajá ń wò mí.
Àlùbọ́sà ni, mo wí fún un,
mo fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú.